Ògiri Tí Ó Rúwé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Odomẹta, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni. Ilé ni mo kọ́. Igi tí ó wà lára ilé náà, èmi kọ́ ni mo ní kí ó máa hù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tíì rẹ̀ mí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí mo kọjá ààlà lọ sí Odomẹta lórí òkè Kétu, òmìnira ṣì jẹ́ ohun tuntun ní ìhà méjèèjì ààlà. Tiwa ń jẹ́ Nàìjíríà, tiwọn ń jẹ́ Dàhòmì. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń wá ẹni tí ó mọ bí a ti ń da igi pọ̀ mọ́ kọnkéré. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ní ìdí mìíràn tí mo fi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí ilé lẹ́yìn ikú bàbá wa, kò sì sí ìṣó tí mo kàn tí kò ní kí n yọ kí n tún un kàn. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó ní, "Máa lọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A ó máa retí rẹ." Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, n kò wẹ̀yìn.

Mo rò pé ilé ará mi ni mò ń lọ. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Odùduwà ni Alákétu? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kí mi, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, mo sọnù. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìyá mi àgbà nìkan ni mo ti gbọ́ wọn lẹ́nu rẹ̀ rí, wọ́n sì ń da Faransé àti èdè Gùn mọ́ ọn. Èmi ń pè é ní sìmẹ́ńtì, wọ́n ń pè é ní sìmá. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn ọmọge á fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ mi. "Ẹ̀gbá" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé gbogbo Ẹ̀gbá ni mo kó sínú àpótí wá.

Ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé n kò sí nílé. Ní Abẹ́òkúta, odò Ògùn ń ṣàn kọjá, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí òkè Kétu, ẹ lè gbẹ́ kànga títí ọwọ́ yín á fi bó, erùpẹ̀ pupa ni ẹ ó máa kó jáde. Omi òjò ni wọ́n ń gbà sínú kòtò àti ìkòkò, òun ni wọ́n á máa ṣọ́ mu jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo pọn omi kún garawa, mo dúró lẹ́yìn ilé, mo ń dà á sára. Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ibi tí wọ́n fi mí wọ̀ sí yọrí láti orí ọgbà. Ìyá Ṣẹ̀yẹ ni, opó ni, ó sì ní ẹnu.

"Ẹ̀gbá! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń wẹ̀ ni, ìyá. Ẹ kú àárọ̀."

"Ò ń wẹ̀, àbí ò ń bomi rin oko? Èyí tí o dà sí èjìká kan yẹn, èmi àti ọmọ mi á fi í se oúnjẹ, a ó mu nínú rẹ̀, ewúrẹ́ á jogún ìyókù."

Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, nítorí pé ojú tì mí. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé igbá kékeré kan wá, igbá tí kò ju orí ọmọ ìkókó lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Odò Ògùn tìẹ rèé," ó ní, "má jẹ́ kó gbé ọ lọ." Igbá yẹn ni mo fi ń wẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo mọ bí a ti ń fi í wẹ̀ ju ọmọ onílẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni wá bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ ilé-ìwé ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ohun tí a ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ ó ri òpó igi mọ́lẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ẹ ó fi igi ìdábùú so wọ́n pọ̀ títí egungun ilé á fi dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó kan pákó mọ́ òpó méjì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ó da kọnkéré sí àárín wọn, ẹ ó fi igi gún un kí ihò má baà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá gan, ẹ tú pákó, ẹ bọ́ sí àárín tí ó kàn. Bí ẹ bá fi kọnkéré nìkan mọ gbogbo ògiri, sìmẹ́ńtì tí ọkọ̀ ojú irin ń kó dé ìlú Pobẹ̀ kò ní tó yàrá kan. Bí ẹ bá fi igi nìkan kọ́ ọ, ikán á jẹ ẹ́ kí ọmọ tí ẹ bí sínú rẹ̀ tó rìn. Yangí pọ̀ lórí òkè náà bí ẹni dà á sílẹ̀, òun ni a fọ́ sínú kọnkéré dípò òkúta wẹ́wẹ́. Ògiri wa pupa díẹ̀, ó sì le.

Àwọn àgbààgbà ìlú ń wá wò wá. Wọ́n á dúró, wọ́n á fi ìka kan ògiri, wọ́n á mi orí. Ilé amọ̀ ni àwọn mọ̀, ilé amọ̀ tí gbogbo ọmọkùnrin ìlú á péjọ mọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ilé wa kò ní rí òjò méjì. Òjò rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni tí a bú. Nígbà tí ó dá, ilé-ìwé ṣì dúró. Mo wọ aṣọ mi tí ó dára jù, mo sì rìn la àárín ìlú kọjá láìní ibi tí mò ń lọ.

Ìdánìkanwà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí èéfín bá ń jáde lágbolé gbogbo, mo máa ń jókòó síta yàrá tí wọ́n fi mí sí, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ wọn wá jẹun. Èdè mi ni wọ́n ń sọ, bí a bá fi ojú fo èyí tí kò yé mi. Bí èèyàn bá wà ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, ó lè sọ pé èdè ni kò jẹ́ kí wọ́n pe òun. Èmi kò ní àwáwí yẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n ń bá mi sọ níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Adéoyè ló fún mi ní ilẹ̀. Òun ni olórí ẹbí tí ó ni apá ìlú tí mo wọ̀ sí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Nígbà tí mo tọrọ ibi tí mo lè kọ́ yàrá sí, ó mú mi lọ sí etí ìlú, ó bu omi sínú igbá, ó mu, ó fún mi mu, ó da ìyókù sílẹ̀. Lórí òkè Kétu, ẹni tí ó da omi sílẹ̀ fún ọ kò ṣeré.

"Ìwọ ni àlejò mi," ó ní. "Gbin àgbàdo. Gbin ẹ̀wà. Gbin ẹ̀gẹ́ bí o bá fẹ́. Igi ni o kò gbọdọ̀ gbìn."

Mo mọ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ tiwa. Àgbàdo á gbó, wọ́n á ká a, ó parí. Igi á wà níbẹ̀ títí ẹni tí ó gbìn ín á fi kú, ọmọ rẹ̀ á wá tọ́ka sí i, á ní ti bàbá òun ni. Mo ní mo gbọ́, n kò gbin nǹkan kan. Ilé ni mo fẹ́ kọ́.

Mo wá bèèrè igi tí ikán kì í fẹ́ràn. Bàbá Adéoyè mú mi lọ sí ahoro kan lẹ́yìn oko rẹ̀. Agbolé bàbá bàbá rẹ̀ ni ibẹ̀ kí ogun tó tú wọn ká láyé àtijọ́. Ògiri ti wó tán, kìkì akòko tí wọ́n fi pa ààlà agbolé náà ló kù, wọ́n tò lọ bí ìgbà tí ilé ṣì wà láàárín wọn. "Gé lára ìwọ̀nyí," ó ní. Kò jẹ́ kí n fi àdá mi kàn án lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní akòko ahoro, àfi ẹni tí ó ni ahoro ló ń kọ́kọ́ fi irin kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣá ìdí igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí èmi tó gé e lulẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ akòko á ti máa mi orí. Ta ni kò mọ̀ pé igi tí a bá gé nínú rẹ̀ tí a sì rì mọ́lẹ̀ lè hù? Mo mọ̀. Bàbá náà mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì rò pé kò sí ohun tí ó lè mí nínú kọnkéré. Ó sì yẹ kí n jẹ́ kí igi náà gbẹ, àmọ́ omi ni mò ń lé. Àkókò òjò nìkan ni èèyàn lè po kọnkéré lórí òkè yẹn láìgba omi lẹ́nu ọmọlọ́mọ. Òjò ti dé, mo ri òpó mọ́lẹ̀ ní tútù, mo kàn án pọ̀, mo da kọnkéré sí àárín wọn. Nígbà tí mo tú pákó ìkẹyìn, tí mo kan páànù, tí mo sì gbé ẹní mi wọlé, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, yàrá ẹlòmíràn ni mo ti ń sùn.

Ọdún yípo, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Ṣẹ̀yẹ níta.

"Ẹ̀gbá! Jáde wá wo nǹkan! Ilé rẹ ti rúwé!"

Mo jáde. Lóòótọ́ ni. Lókè òpó, lábẹ́ páànù, àti nísàlẹ̀ níbi tí òpó ti wọlẹ̀, ewé tútù ń yọ lára igi ilé mi, ó ń dán nínú oòrùn. Ìyá Ṣẹ̀yẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń já ọ̀kan wò. Bí ó ti rí ewé náà dáadáa, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Akòko ni," ó ní. "Yéè. Kí Ọláníyì má rí èyí o."

Ọláníyì ni àkọ́bí Bàbá Adéoyè, kò sì fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti da omi sílẹ̀ fún mi. Ó rí i kí oòrùn tó le. Kì í ṣe igi lásán ni akòko. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi lé orí ẹni tí ó bá joyè, òun náà ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ láti sọ pé ibí ni tèmi dé. Ó wá di pé àlejò Ẹ̀gbá ti fi akòko yí ara rẹ̀ ká, akòko inú ahoro baba ńlá wọn pàápàá.

Wọ́n pè mí síwájú ilé Bàbá. Àwọn àgbààgbà jókòó, Ọláníyì dúró.

"Wọ́n ní kó má gbin igi," Ọláníyì ní, "ó wá kan igi mọ́ ara wọn, ó ní ilé ni. Bí a bá kú tán, ọmọ rẹ̀ á nawọ́ sí i pé ààlà bàbá òun rèé. Kí ó hú u kúrò!"

"Ṣé kí n gé ewé náà?" mo bèèrè.

"Gbòǹgbò ló ń pa ààlà, ewé kọ́."

Èyí túmọ̀ sí pé kí n hú òpó, bí mo bá sì hú òpó, ògiri wó. Àwọn àgbààgbà fohùn ṣọ̀kan: kí n hú u kí òjò tó dá, tàbí kí n padà síbi tí mo ti wá. Bàbá Adéoyè gbé ojú kúrò lára mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Mo gbọ́," mo ní. "N kò gbà."

Ẹnì kan pòṣé. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ti dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní inú mi dùn láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Pobẹ̀ láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Awakọ̀ kan tí ó máa ń ré kọjá ààlà ni mo rán sí i pé kí ó lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Abẹ́òkúta. Akọ̀wé tí ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ní kí n ní sùúrù. Ohùn mi gbọ́dọ̀ ti Kútọnu lọ sí Paríìsì, kí ó ti Paríìsì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó wá sí Èkó, kí wọ́n tó wá fi í ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ilé ìyá mi ni mo ti máa jẹun alẹ́." Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀ nìyẹn. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ohùn wa ṣì ń lọ kí òyìnbó kí ó tó kí ìyá rẹ̀.

Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí kí ó tó dún.

"Ọkọ mi! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá. Ẹ kú ilé."

"Awakọ̀ yẹn ní wọ́n fẹ́ lé ọ. Kí lo ṣe wọ́n?"

"N kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Òpó ilé mi ló rúwé. Akòko ni."

Òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ. "Akòko? Ṣé wọ́n fi ọ́ joyè ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, akọ̀wé yíjú wò mí. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Máa bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbá yàrá sílẹ̀ fún ọ. Ó ní òun kò ní bá ọ wí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gún mi lọ́kàn. Kò ní bá mi wí! Mo rí i bí ó ti fẹ̀yìn ti òpó, tí ó ń rẹ́rìn-ín.

"N kò bọ̀, Ìyá. Mo ní ilé."

"Bí o bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò sin ọ́?"

"Ẹni tí ó bá bá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí bàbá rẹ gan-an lo ṣe ń sọ̀rọ̀," ó ní, wáyà sì já. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni tàbí ó ń bú mi. Mo ti mú un gẹ́gẹ́ bí ìyìn.

Mo padà sí Odomẹta, n kò hú òpó kankan. Mo kun ilẹ̀kùn mi ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé kí ojú wọn lè tà wọ́n dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ń múra àtidá, wọ́n dé. Bàbá Adéoyè ló ṣáájú pẹ̀lú àdá, nítorí pé òun nìkan ló lè fi irin kan akòko ahoro rẹ̀. Ọláníyì tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́ láti fi wa ìdí òpó. Àwọn aládùúgbò tò sẹ́yìn wọn. Ìyá Ṣẹ̀yẹ wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, nítorí pé ìyá mi kọ́ mi. Mo sì dìde, nítorí pé n kò dọ̀bálẹ̀ fún àdá.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ́ka sí igi yìí fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣá a. Omi tí ẹ dà sílẹ̀ níbí, ilẹ̀ ti mu ún, n kò mọ bí mo ṣe lè bù ú padà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ gé òpó, ẹ gé e. Àmọ́ n kò ní jáde. Orí mi ni ẹ ó wó o lé."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri láàárín òpó méjì. Kọnkéré náà tutù. Mo gbọ́ ohùn Ọláníyì: "Bàbá, ẹ gé e, ẹ jẹ́ ká lọ." Lẹ́yìn náà àdá ró.

Mo di ojú. Iṣẹ́ mi ni igi, mo mọ̀ pé bí àdá bá wọ òpó, ògiri á gbé ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ dé ẹ̀yìn mi. Mo ń retí rẹ̀. Àdá tún ró, ó tún ró, ó ń lọ láti òpó kan dé èkejì yí ilé ká, ẹ̀yìn mi kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ewé tí ń bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́?" Ọláníyì ní. "Gbòǹgbò la wá fún!"

"Dákẹ́." N kò gbọ́ kí Bàbá Adéoyè gbé ohùn sókè rí ṣáájú ọjọ́ náà. "Láti ìgbà ogun, kò sí ẹni tí ó sùn lábẹ́ igi yìí mọ́, àfi ẹni tí ó wà nínú ilé yìí. Gbé ọkọ́ rẹ, máa lọ sílé."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ọláníyì tí ó ń lọ. Ẹsẹ̀ àwọn yòókù tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi ìdí àdá kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀gangan ibi tí orí mi wà.

"Ẹ̀gbá."

"Bàbá."

"Mo ti gé ewé mi. Igi yìí, tèmi ni. Má gbàgbé."

"Igi ni tiyín, Bàbá. Ògiri ni tèmi."

Ó wú ikọ́. "Bí òjò bá tún dé, yóò tún hù."

"Á hù, Bàbá."

"Èmi náà á tún wá gé e."

"Ẹ máa bọ̀, Bàbá," mo ní. "Ẹ ó bá mi nílé."